Bí Wọ́n Bá Dá Yín Padà Lẹ́nu Géètì: Ohun Tí Òfin Wí Lórí Ṣífìtì àti Ìgbaniṣíṣẹ́ ní Kwara

Kò sí òfin Kwara kankan tó fi dandan lé e pé kí ọ̀gá gbé rósítà, ìwé tó ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí oníkálukú máa ṣiṣẹ́, jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí ó ti pọ̀ jù tí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Tánkẹ̀, ní ilé epo lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ní Ọ̀fà: "Òfin ti ní ọ̀sẹ̀ méjì ni." Wọ́n á gbé e dé iwájú máníjà, máníjà á béèrè pé òfin wo nìyẹn, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀tọ́ gidi tí wọ́n ní, èyí tí owó wà nínú rẹ̀, ìyẹn owó ọjọ́ tí wọ́n bá yọjú síbi iṣẹ́ tí ọ̀gá sì dá wọn padà, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ rárá. Ó sì ti wà nínú ìwé òfin láti 1974.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kì í ṣe irọ́ o. Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní ìlú Seattle, láti oṣù keje 2017, ilé ìtajà ńlá àti ilé oúnjẹ ńlá tí òṣìṣẹ́ wọn bá tó 500 gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ ọjọ́ àti wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Bí wọ́n bá yí i padà lẹ́yìn náà, wọ́n máa fi owó kún un fún un. New York ṣe irú rẹ̀ fún àwọn kan lára ilé oúnjẹ rẹ̀ lọ́dún 2017 kan náà, Los Angeles sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn ilé ìtajà ńlá ní oṣù kẹrin 2023. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tó wà lọ́hùn-ún ló ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp, fídíò náà á sì máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí a ó fi gbàgbé pé ìlú mìíràn ni wọ́n ń sọ.

Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ sí wọn ni agbára tí ìlú ní. Lọ́dọ̀ wọn, ìgbìmọ̀ ìlú kan lè jókòó kó ṣe òfin fún àwọn ọ̀gá tó wà láàrin ìlú náà. Lọ́dọ̀ wa, Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 kó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pátápátá, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìjà àárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, àti owó oṣù tó kéré jù, sínú àkójọ àwọn nǹkan tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Abuja nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nọ́mbà 34 ni nínú àkójọ náà. Ilé Aṣòfin tó wà ní Ìlọrin kò lè ṣe òfin ṣífìtì fún ilé búrẹ́dì aládàáni, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Òmù-Àrán kò lè ṣe é. Ìjọba Kwara lè ṣe ìlànà fún òṣìṣẹ́ ìjọba tirẹ̀, nítorí òun náà jẹ́ ọ̀gá. Kò kọjá ibẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá ń wá òfin Ìlọrin lórí ọ̀rọ̀ yìí, òfin gbogbo Nàìjíríà ni kó lọ wò, kan náà pẹ̀lú ti ẹni tó wà ní Kánò tàbí Èkó.

Òfin ọ̀hún ni Òfin Òṣìṣẹ́, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní Labour Act. Ìjọba ológun Gowon ló gbé e jáde ní 1974, òun náà la ṣì ń lò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Òfin náà kò sọ iye wákàtí tó pọ̀ jù tí ènìyàn lè ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ohun tí abala 13 wí ni pé wákàtí iṣẹ́ ni èyí tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá bá jọ fẹnu kò lé lórí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá bá jọ fọwọ́ sí, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó iṣẹ́ bá là sílẹ̀. Èyí tó bá lé lórí iyẹn ni ofatáìmù. Kò tún sọ iye tí ofatáìmù jẹ́. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá gbà láti máa ṣe wákàtí 12 lójúmọ́, tí ẹ kò sì béèrè nǹkan kan nígbà tí ẹ ń gbà á, wákàtí 12 yẹn ni iṣẹ́ yín, ofatáìmù kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ nǹkan méjì wà tí abala náà fúnra rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí kan. Lẹ́yìn èyí, nínú ọjọ́ méje, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan tí yóò fi sinmi, wákàtí 24 gbáko tó tẹ̀lé ara wọn. Bí iṣẹ́ bá jẹ nínú ọjọ́ ìsinmi náà, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà fún un kí ọjọ́ 14 tó pé, tàbí kí wọ́n san owó ofatáìmù dípò rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ di wákàtí 24 tó tẹ̀lé ara wọn yìí mú dáadáa, nítorí àṣà kan wà láàrin ìgboro Ìlọrin: ọ̀gá á fún Mùsùlùmí ní wákàtí méjì lọ́jọ́ Jímọ̀ kó fi kírun, á fún Kìrìsìtẹ́nì ní àárọ̀ Sunday kó fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà á ní wọ́n ti gba ọ́fù wọn. Wọn kò tíì gba ọ́fù. Ìyẹn àyè ìjọ́sìn ni, ohun tó dára ni láti fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi tí òfin ń sọ. Àwọn mẹ́gádì wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Mo mọ àwọn bàbá tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, tí wọ́n ti gbà pé bí iṣẹ́ mẹ́gádì ṣe rí nìyẹn. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀.

Abala 17 ni mo sọ lókè pé owó wà nínú rẹ̀. Ohun tó wí nìyí: ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá yọjú, tí ara rẹ̀ sì le tó láti ṣiṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká. Bí ọ̀gá kò bá rí iṣẹ́ fún un, owó ọjọ́ náà di gbèsè lọ́rùn ọ̀gá, iye kan náà tí ì bá san ká ní iṣẹ́ ọjọ́ náà di ṣíṣe. Ọjọ́ ìsinmi àti ọlidé ìjọba nìkan ni kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ fi ojú rẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń tajà ní ilé ìtajà kan ní Challenge. Ó wọ kẹ̀kẹ́ láti Sango, ó dé ibi iṣẹ́ ní aago méje. Máníjà ní ọjà kò yá lánàá, ẹni mẹ́ta ti tó lónìí, kó máa lọ sílé, wọ́n á pè é. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n yọ owó ọjọ́ mẹ́fà kúrò nínú owó rẹ̀, wọ́n ní kò sí níbi iṣẹ́. Ó wá síbi iṣẹ́. Àwọn ni wọ́n dá a padà. Owó ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, òfin sì pè é ní owó rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí Alájì fojú fo. Gbèsè ni.

Ọ̀gá náà ní ibi tí òfin ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ tó ju agbára rẹ̀ lọ, owó ọjọ́ kìíní nìkan ló jẹ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àfi bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá fi kún un. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ níbi iṣẹ́ kò lè fi abala yìí gba owó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó ti da àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá sì ti bá ọ̀gá ṣe àdéhùn mìíràn lórí rẹ̀, àdéhùn yẹn ni yóò ṣiṣẹ́.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ ni ohun tó ju agbára ọ̀gá lọ. Ẹ wo àwọn ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà. Iná kò sí, ọ̀gá kò ra dísù, ó ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ. Lójú tèmi, dísù tí wọn kò rà kò ju agbára ọ̀gá lọ. Ó mọ̀ pé Nàìjíríà ni òun ti ń ṣòwò, ó mọ̀ pé iná ń lọ, ó sì ti ka iye dísù mọ́ owó tó ń ta báàgì kan. Bí tiransifọ́mà àdúgbò bá gbiná lóru, tí ìjì sì wó odi ilé iṣẹ́ lé ẹ̀rọ lórí, ìyẹn yàtọ̀. Ọjà tí kò yá náà kì í ṣe pàjáwìrì. Ẹni tó bá ń kó èrè nígbà tí ọjà yá, tí kì í pín in fún òṣìṣẹ́, kò yẹ kó pín àdánù fún wọn nígbà tí ọjà kò yá. Adájọ́ lè rí i bí mo ṣe rí i, ó sì lè rí i bí ọ̀gá ṣe rí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "iná ò sí" nìkan pa yín lẹ́nu mọ́.

Ihò kan wà nínú abala náà tí ó yẹ kí n fi hàn yín. Ó ní kí òṣìṣẹ́ yọjú. Ní 1974, kí ọ̀gá tó lè ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ sílé, òṣìṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ dé géètì. Lónìí, aago mọ́kànlá òru ni àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń wọlé sórí WhatsApp: "Kí ìwọ, ìwọ àti ìwọ má wá lọ́la." Òṣìṣẹ́ kò yọjú nítorí wọ́n ní kó má yọjú, ọ̀gá sì lè dúró lé ọ̀rọ̀ yẹn pé abala 17 kò dé ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà bẹ́ẹ̀, ohun kan ló kù tí òṣìṣẹ́ lè gbé ẹsẹ̀ lé, òun ni ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀.

Abala 7 ló ni ìyẹn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ orúkọ ọ̀gá tàbí ilé iṣẹ́, orúkọ àti àdírẹ́sì òṣìṣẹ́, ibi àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á, irú iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, iye owó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń san án, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ọlidé, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àìsàn tàbí ìfarapa bá dé, àti iye ọjọ́ nótíìsì. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá yí padà, kí oṣù kan tó kọjá ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ìyípadà náà tó o létí nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣe kásúwà, àwọn tí ọ̀gá kò gbà síṣẹ́ pátápátá, gbà pé àwọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé yìí. Òfin kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ ń pè é ní kásúwà. Bí ẹ bá ti lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí i.

Níbi ìwé yìí ni ọ̀sẹ̀ méjì ti Seattle ti lè di tiwa. Kò sí ohun tó ní kí ẹ̀yin àti ọ̀gá má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pé rósítà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò ti jáde kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, àti pé ẹni tí wọ́n bá yí ṣífìtì rẹ̀ padà lẹ́yìn ìyẹn yóò gba iye báyìí. Tí ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí i, àdéhùn ni, ilé ẹjọ́ sì lè mú un ṣẹ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń wá iṣẹ́ lójú méjèèjì kì í ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ báyìí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tó ti wà níbẹ̀ bá jọ lọ bá ọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà kì í rí bákan náà. Òfin kan náà ní abala 9 sọ pé ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ fi àìwọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn iṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ lé ènìyàn nítorí pé ó wọ ẹgbẹ́.

Bí ìwé kò bá sí, ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Rósítà tí máníjà fi sórí WhatsApp, áláàtì owó oṣù láti báǹkì, fọ́tò ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rí. Òfin ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tó ti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà jáde, bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí fóònù yín nítorí pé fóònù kún.

Ohun kan tó so mọ́ ọ̀rọ̀ ṣífìtì ni owó gígé. Wọ́n á yí ṣífìtì padà lóru, ẹni tí kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ á pẹ́ dé, wọ́n á gé ₦2,000 lára owó rẹ̀, wọ́n á pè é ní ìtanràn. Abala 5 kò gba kí ọ̀gá gé owó òṣìṣẹ́ fún ìtanràn. Ti ọjà tó sọnù tàbí owó tó dín ní ilé epo, ọ̀gá lè gé ìwọ̀n tó bójú mu bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mélòó nínú àwọn ilé epo wa ló ń gba àṣẹ yìí? Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì gé lóṣù kan, lápapọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí òfin yìí kò kàn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni ó wà fún. Àwọn tó wà nípò àṣẹ, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ bíi dókítà, lọ́yà tàbí akáǹtà, wọ́n wà lóde rẹ̀. Ohun tó wà nínú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ wọn ni òfin wọn. Ọ̀gá iléèwé aládàáni lè sọ pé tíṣà náà wà lára wọn, nítorí náà tíṣà ni kó kọ́kọ́ rí i dájú pé lẹ́tà òun sọ gbogbo nǹkan. Ẹni tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ọ̀gá tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà kò sí, nítorí iṣẹ́ ilé kì í ṣe òwò ọ̀gá. Èyí burú, mo sì gbà pé ó yẹ kí Abuja tún un ṣe, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ń pè dìde lóru tó ọmọ ọ̀dọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbaniṣíṣẹ́ le ju ti ṣífìtì lọ. Òfin 1974 fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan lórí ẹni tí ọ̀gá kọ̀ láti gbà. Àwọn ènìyàn á wá tọ́ka sí abala 42 Ìwé Òfin Nàìjíríà, èyí tó ní wọn kò gbọ́dọ̀ ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀ nítorí àdúgbò tó ti wá, ẹ̀yà rẹ̀, ìlú rẹ̀, pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí èrò rẹ̀ nínú òṣèlú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òfin tí ìjọba ṣe àti ìwà tí ìjọba hù ló dojú kọ. Alájà tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ọjà Ọba kì í ṣe ìjọba.

Ohun tó fẹ ọ̀nà náà díẹ̀ ni àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí Ìwé Òfin ní 2010. Ó gbé gbogbo ẹjọ́ iṣẹ́ fún ilé ẹjọ́ kan ṣoṣo, National Industrial Court, ó sì dárúkọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìfìtínà ìbálòpọ̀ níbi iṣẹ́ láàrin àwọn ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ náà lè gbọ́. Ó tún gbà á láyè láti wo àdéhùn àgbáyé tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí. Èyí tó kan ẹlẹ́yàmẹ̀yà lẹ́nu iṣẹ́, nọ́mbà 111 láàrin àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2002, ó sì mẹ́nu ba ìgbà tí ènìyàn ń wá ọ̀nà wọ iṣẹ́ pàápàá. Ẹjọ́ kan dé iwájú ilé ẹjọ́ náà ní 2011, obìnrin kan tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun lóyún. Kì í ṣe ìjọba ló gbà á síṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, wọ́n sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un.

Ẹ ó rí i pé ẹni tó ti wọṣẹ́ ni obìnrin náà. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní "a ò gbà ọ́" láì sọ ìdí, ọ̀nà tirẹ̀ tóóró, nítorí kí ni yóò fi ṣe ẹ̀rí? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá rí ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé "Kìrìsìtẹ́nì nìkan" tàbí "Mùsùlùmí nìkan" fún iṣẹ́ kásíà, kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Ní ìlú tí ilé kan náà ti ń ṣe ọdún Iléyá tó tún ń ṣe Kérésì, irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ń bí mi nínú. Bí mọ́sálásí bá ń wá lèmọ́mù, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ń wá pásítọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Iṣẹ́ kásíà kò ní ẹ̀sìn. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n gbà tán tí wọ́n ní kó bọ́ híjáàbù kó tó lè dúró nídìí káńtà: iṣẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n wò.

Ti obìnrin àti iṣẹ́ alẹ́ ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Abala 55 kò gba kí wọ́n fi obìnrin sí iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde tàbí ní oko ńlá; ní ilé iṣẹ́, aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí wà nínú òru tí òfin ń sọ. Kò kan àwọn nọ́ọ̀sì, kò sì kan obìnrin tó wà nípò ọ̀gá tí kì í fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí àwọn ilé búrẹ́dì kan wá ń ṣe ni pé wọ́n á fi òfin yìí kọ obìnrin pátápátá. Òfin kò ní kí wọ́n má gba obìnrin o. Ṣífìtì ọ̀sán wà, kí wọ́n fi wọ́n síbẹ̀. Lórí oyún, abala 54 fún òṣìṣẹ́ obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́, ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tó bá padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ jẹ́ tirẹ̀ láti fún ọmọ lọ́yàn.

Òfin méjì wà tó kan ọ̀gá aládàáni tààrà, kódà kó tó gbani síṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni òfin 2014 lórí àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ ní kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò HIV kó tó gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fi àìsàn náà lé e. Àwọn iléèwé aládàáni tó ṣì ń kọ "àbájáde àyẹ̀wò HIV" mọ́ ohun tí wọ́n ní kí tíṣà tuntun mú wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìkejì ni òfin tó gbèjà àwọn akanda ẹ̀dá, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019. Ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ bíi ti ẹnikẹ́ni, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá kọ̀ wọ́n nítorí ara wọn, owó gbà-má-bínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ₦250,000, ti ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti ₦500,000.

Ọjọ́ orí kò sí nínú ohun tí abala 42 kà sílẹ̀. Báǹkì tó bá ní ẹni tó ti lé ní ọdún 26 kò lè wá, mo gbà pé kò tọ́, ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín pé òfin kan wà tó dárúkọ rẹ̀. Pípín iṣẹ́ ìjọba láàrin gúúsù, àárín àti àríwá Kwara tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: abala 42 fúnra rẹ̀ yọ òfin tó bá pààlà fún ipò ìjọba sílẹ̀. Àwọn tó ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọmọ tó ń wá iṣẹ́ sì nìyí: ẹni tó bá ń gba owó láti báni wá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ẹ ní kí ó fi hàn yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Bí ó bá wá di pé kí ẹ fi ẹjọ́ sùn, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ tó wà ní Ìlọrin, kódà bí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àṣẹ láti wọ ilé iṣẹ́, kí wọ́n wo ìwé owó, kí wọ́n pe ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ owó ọjọ́ ló lè parí níbẹ̀. Bí kò bá parí, National Industrial Court ló kàn, àjọ Legal Aid Council sì wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Ẹ má fi ìtanràn dẹ́rù ba ọ̀gá, nítorí wọn kò tíì tún iye tó wà nínú òfin 1974 ṣe: kò ju ₦800 lọ fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ lórí gígé owó lọ́nà àìtọ́, kò sì ju ₦1,500 lọ fún èyí tó bá tẹ̀lé e. Kò tó owó búrẹ́dì kan. Owó yín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa sọ.

Tí ẹ bá ń kọ ìwé ẹ̀sùn náà, ẹ kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ yọjú, aago tí ẹ dé, orúkọ ẹni tó dá yín padà, ohun tó sọ, àti iye owó ọjọ́ yín. Ẹ so fọ́tò rósítà àti ti áláàtì mọ́ ọn. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu èyí tí ẹ máa mú lọ sílé, kí ọjọ́ tí wọ́n gbà á sì wà lára òǹtẹ̀ náà.